Wọ́n Fi Àáké Kí Màmá Káàárọ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ilẹ̀kùn ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilẹ̀kùn ọ̀gánwó ni, ihò ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀ tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá láìfara kan igi. Wọ́n gbé e ti ògiri níwájú Baálẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni olùpẹ̀jọ́ wọlé, ó rọra ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, a sì rò pé ọjọ́ orí ni.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Màmá Tẹlifóònù là ń pè é, torí kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló máa ń so ìlà pọ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láyé ìgbà tí fóònù ṣì ní okùn nídìí. Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ti dolóògbé. Àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn. Òun nìkan ló ń dá gbé nínú yàrá méjì àti pálọ̀.

Àwọn ọmọ náà jókòó sí apá kejì, wọn ò jẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tìyá wọn. Àkọ́bí ni Awọnlẹ̀, tó ń wọn ilẹ̀ fáwọn èèyàn. Obìnrin tó tẹ̀ lé e ló ni kẹ́mísì tó wà ní ìkòríta. Àbígbẹ̀yìn ń ya fọ́tò jẹun. Káfíńtà kan jókòó sẹ́yìn wọn, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ó-Dọ̀la. Ó gbé àáké lé itan.

Baálẹ̀ wo ilẹ̀kùn. Ó wo àáké.

"Ta ló kú?" ni Baálẹ̀ bi wọ́n.

"Èmi ni," ni Màmá Tẹlifóònù dáhùn.

Àwọn ìjòyè wo ara wọn.

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Ẹ wá rọra ṣàlàyé fún wa bẹ́ ẹ ṣe kú."

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò sì ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Mo kàn ṣàdédé gbọ́ 'gbà!' lára ilẹ̀kùn ni. Mo ní ṣé ààrá ni. 'Gbà!' ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí n tó rí ìborí mi, orí káfíńtà yìí ti yọ láàárín ilẹ̀kùn bí orí alábahun. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, Màmá.' Mo ní, 'Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé kò sí fèrèsé ni?'"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n tó dákẹ́.

"Ta ló rán an?"

"Àwọn ọmọ tí mo fi inú mi bí ni. Baálẹ̀, bàbá wọn ló gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn fún mi lọ́dún tí a kó wọlé. Látìgbà tó ti sùn, ilẹ̀kùn yẹn ni mo máa ń kí ní 'ó dàárọ̀'. Mo wá gba ilẹ̀kùn mi ni, mi ò bá ọ̀rọ̀ míì wá."

Baálẹ̀ yíjú sí àkọ́bí.

"Awọnlẹ̀! Ìwọ tó o mọ ààlà ilẹ̀ gbogbo wa, o ò mọ ibi tí ilẹ̀kùn ìyá rẹ mọ?"

Awọnlẹ̀ dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Kì í ṣe ìwà ìkà rárá, ìfẹ́ ni. A ní gúrúùpù kan lórí Wasáàpù, 'Ẹbí Aláyọ̀' là ń pè é. Ojoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, Màmá máa ń fi àwòrán òdòdó síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, 'Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo jí.' Ibẹ̀ la ti máa ń mọ̀ pé wọ́n wà láàyè. Lọ́jọ́ Ẹtì, a ò rí òdòdó, a ò rí 'mo jí'. Baálẹ̀, bí ìyá yín ò bá kọ 'mo jí', kí lẹ máa rò?"

"Màá rò pé kò tíì jí."

"Oòrùn ti ga, Baálẹ̀!"

"Ṣé o wá pè wọ́n?"

"Mo fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́."

"Àmì ìbéèrè."

"Kì í ṣe ẹyọ kan o. Mẹ́ta ni mo tò tẹ̀ léra wọn."

"Mo ní ṣé o pè wọ́n. Kí fóònù dún, kí wọ́n gbé e, kó o gbọ́ ohùn."

Awọnlẹ̀ wolẹ̀.

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà, Baálẹ̀. Èèyàn ò kàn lè máa ké 'Màmá, Màmá' láàárín àwọn oníbàárà."

"Ìwọ ńkọ́, Oníkẹ́mísì?"

Obìnrin náà dìde. "Èmi fi ojú tó ń sunkún ránṣẹ́."

"Ojú ta ni?"

"Ojú inú fóònù ni, Baálẹ̀. Ojú roboto kan báyìí, aláwọ̀ ìyeyè. Omi máa ń dà lójú rẹ̀."

"Ojú tìrẹ ńkọ́? Ṣé omi dà níbẹ̀?"

"Mò ń ka oògùn fún ẹnì kan lọ́wọ́ ni."

Ìyálóde, tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, bi Màmá léèrè. "Ṣé ibi táwọn ọmọ yìí ń gbé jìnnà sí yín ni?"

"Kò jìnnà, Ìyálóde. Ẹ̀yìnkùlé àkọ́bí ni fèrèsé mi kọjú sí. Bí wọ́n bá ń din ata nílé rẹ̀, èmi ni mò ń sín. Tí Oníkẹ́mísì bá ń lọ ṣọ́ọ̀bù, iwájú ilé mi ni mọ́tò rẹ̀ ń gbà. Ó máa ń fun fèrè, 'píí!' Kí n tó dé ojú fèrèsé, ó ti lọ. Eruku ni mo máa ń juwọ́ sí."

"Ìyẹn àbígbẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ìyẹn ò jìnnà, kò sún mọ́. Orí fóònù ló ń gbé."

Baálẹ̀ ní kí àbígbẹ̀yìn dìde fúnra rẹ̀. Ó dìde, ó fọwọ́ nu ojú tó gbẹ.

"Èmi lọ́rọ̀ náà dùn jù, Baálẹ̀. Ní kété tí mo rí i pé Màmá ò sọ̀rọ̀, mo gbé àbẹ́là sórí gúrúùpù, mo sì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì mi."

"Àbẹ́là fún kí ni? Ṣé iná lọ ni?"

"Àwòrán àbẹ́là ni. Mo wá gbé fọ́tò Màmá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Sùn re o, ìyá rere. A ò ní gbàgbé yín láé.'"

"Ṣé wọ́n ti já ilẹ̀kùn nígbà yẹn?"

"Káfíńtà ò tíì kúrò nílé."

"Ìwọ wá ti sin ìyá rẹ tán?"

"Baálẹ̀, ẹ ò mọ àwọn ẹbí wa. Bí èèyàn ò bá tètè gbé irú ẹ̀ jáde, ẹlòmíràn á gbé e ṣáájú. Ṣé ẹnu àwọn ará ìta ló yẹ káyé ti gbọ́ ikú ìyá mi ni?"

"Ẹ bi í léèrè fọ́tò!" Màmá Tẹlifóònù ti na ìka sókè. "Ẹ bá mi bi í, Baálẹ̀, fọ́tò wo ló lò?"

"Màmá, fọ́tò tó dáa ni."

"Èyí tí mo di ojú, tí mo la ẹnu! Ọmọ mi ni ayafọ́tò, gbogbo ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ìlú yìí ló ń sọ di arẹwà, èmi tí mo bí i ló gbé jáde bí ẹja gbígbẹ. Àwọn èèyàn á ní bí wọ́n ṣe bá mi nìyẹn!"

Ẹ̀rín tún sọ. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ bojú. Nígbà tó ṣí ojú, ó na ọwọ́ sí káfíńtà.

"Ó-Dọ̀la, dìde. Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún ọ nílùú yìí tó ò sọ fún pé ó dọ̀la. Àga tí mo jókòó lé yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì látìgbà tó o ti ní ó dọ̀la. Báwo lo ṣe yára dé ilé Màmá?"

"Iṣẹ́ kíkọ́ ló máa ń pẹ́, Baálẹ̀. Iṣẹ́ fífọ́ kì í pẹ́."

"Ṣé o kan ilẹ̀kùn kó o tó fọ́ ọ?"

"Mo kàn án."

"Kí lo fi kàn án?"

"Àáké ni."

"Nígbà tó ò ń gé e, ṣé o gbọ́ nǹkan kan nínú ilé?"

Ó-Dọ̀la họ orí. "Mo gbọ́. Fóònù ń dún nínú yàrá, 'tín, tín'. Mo sọ fún Awọnlẹ̀ pé, 'Ọ̀gá, ó jọ pé ẹnì kan ń tẹ fóònù nínú ilé yìí o.' Wọ́n ní kí n má dáwọ́ dúró, pé fóònù máa ń dá dún."

Awọnlẹ̀ fò dìde. "Irọ́ ni! Kò sọ bẹ́ẹ̀! Ohun tó sọ ni pé ebi ń pa òun!"

"Mo sọ méjèèjì," ni Ó-Dọ̀la wí.

Ni wọ́n bá pe ẹlẹ́rìí, obìnrin tó ń ṣe irun fáwọn èèyàn ní yàrá tó bá ti Màmá pín ògiri. Onídìrí bọ́ síwájú, kóòmù ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Sọ ohun tó o rí," ni Baálẹ̀ wí.

"Àánú ṣe mí, Baálẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ mẹ́ta yìí tí wọ́n dì mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún ìyá wọn. Mo ní irú ìfẹ́ wo nìyí!"

Àwọn ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Onídìrí," ni Màmá Tẹlifóònù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "rántí pé èmi náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Onídìrí yọ kóòmù kúrò nínú irun rẹ̀.

"Wọ́n kọ́kọ́ jà ná, kí wọ́n tó sunkún."

"Kí ni wọ́n jà lé lórí?"

"Lórí ẹni tó fojú kan Màmá gbẹ̀yìn ni. Awọnlẹ̀ ní Oníkẹ́mísì ni. Oníkẹ́mísì ní àbígbẹ̀yìn ni. Àbígbẹ̀yìn ní òun ti rò pé àwọn méjèèjì ló ń lọ síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá ẹni tó rí i tì ni wọ́n wá dì mọ́ ara wọn."

"Ìwọ tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ìwọ àti Màmá ńkọ́? Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ya fídíò."

"Ṣé o gbọ́ ìró Màmá nínú ilé?"

"Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"O ò wá sọ!"

"Fídíò ti bẹ̀rẹ̀, Baálẹ̀. Tí èèyàn bá ti ń ya fídíò, kì í sọ̀rọ̀ sí i. Ó máa ń bà á jẹ́."

Ibi tí Awọnlẹ̀ ti rí ọ̀nà nìyẹn. Ó bọ́ sáàárín ààfin, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ṣé ẹ gbọ́ tẹ́nu ẹlẹ́rìí? Wọ́n wúkọ́! Ẹni tó ń wúkọ́ ò kú o. Ẹni tó ń wúkọ́ gbọ́ nígbà tá à ń ké 'Màmá! Màmá!' títí ọ̀fun wa fi há. Wọn ò dáhùn. Ojú wa rí màbo lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ bá mi wò ó, ta ló jẹ̀bi ilẹ̀kùn? Ṣé ẹni tó fọ́ ọ ni, àbí ẹni tó gbọ́ tó dákẹ́?"

Ààfin kùn yùn-ùn. Ìjòyè àgbà kan mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn mọ́gbọ́n dání. Kí n má parọ́, èmi tí mò ń to àga láàfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.

Baálẹ̀ yíjú sí Màmá. "Màmá, ìbéèrè yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ jí, ẹ gbọ́. Kí ló dé tẹ́ ò dáhùn?"

"Mo dáhùn."

"Ẹ ò dáhùn!" Awọnlẹ̀ kígbe.

"Mo dáhùn, Baálẹ̀. Gbogbo wọn pátá ni mo dá lóhùn. Ẹ gba fóònù mi, kẹ́ ẹ kà á."

Ìyálóde ló gba fóònù. Ó gbé awò lé ojú, ó sún fóònù mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Mo rí àmì ìbéèrè mẹ́ta níbí," ni Ìyálóde wí. "Àwòrán àtàǹpàkò kan dúró lábẹ́ rẹ̀. Mo rí ojú tó ń sunkún. Àtàǹpàkò wà lábẹ́ ìyẹn náà. Mo rí àbẹ́là…"

Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"Baálẹ̀, àtàǹpàkò wà lábẹ́ àbẹ́là."

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Olóògbé ni."

Baálẹ̀ sún síwájú lórí àga tó ń mì. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ ìkéde ikú ara yín?"

"Èmi ni. Kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i. Àwọn èèyàn ti ń kọ 'Ó mà ṣe o' lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àbúrò tó tẹ̀ lé mi kọ ọ́ pé èèyàn dáadáa ni mí. Kò sọ ọ́ fún mi rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Mo tẹ àtàǹpàkò fún òun náà."

"Ṣùgbọ́n Màmá," Oníkẹ́mísì bú jáde, "àtàǹpàkò kì í ṣe ìdáhùn!"

Ìyálóde gbójú sókè lára fóònù.

Màmá Tẹlifóònù yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tún un sọ, ọmọ mi. Etí mi ń di díẹ̀."

Oníkẹ́mísì fọwọ́ wá àga lẹ́yìn. Ó jókòó.

Ìyálóde ò tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ń yí i lọ sókè.

"Baálẹ̀, ẹ dúró ná. Nǹkan kan wà níbí láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú àáké." Ó kà á sókè: "'Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo jí. Mo ṣubú ní bálùwẹ̀ lánàá. Orúnkún mi wú, mi ò lè dá dé ẹnu ọ̀nà.' Òdòdó pupa kan wà lókè rẹ̀."

"Kí ni wọ́n fi dáhùn?"

"Oníkẹ́mísì tẹ àtàǹpàkò. Àbígbẹ̀yìn tẹ àtàǹpàkò. Awọnlẹ̀ kọ̀wé ní tiẹ̀."

"Kí ló kọ?"

"Ó kọ ọ́ pé, 'Àmín o, Màmá. Tiwa náà.'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ Màmá. Ìgbà yẹn la tó rí i pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló mú un máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nígbà tó wọlé. Orúnkún rẹ̀ kan ti tóbi ju ìkejì lọ lábẹ́ aṣọ.

"Awọnlẹ̀," ni Baálẹ̀ wí, "ṣé o ka nǹkan tó o ṣe àmín sí?"

"Òdòdó ni mo rí, Baálẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ti mọ nǹkan tó máa ń wà lábẹ́ òdòdó."

Oníkẹ́mísì ti bo ojú. "Ìpara orúnkún," ló ń sọ, "ìpara orúnkún kún ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tà á fún ìyá ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà." Omi ń dà lójú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ojú aláwọ̀ ìyeyè.

Màmá Tẹlifóònù ò wò ó. Baálẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Baálẹ̀. Orúnkún ò jẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò wú. Mo lè kígbe. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ara mi pé mi ò ní kọ 'mo jí', kí n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn wọn pa pọ̀. Àkọ́bí ń pàṣẹ, èyí obìnrin ń já a níyàn, àbígbẹ̀yìn ń rojọ́ àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní kékeré gẹ́lẹ́. Mo ní kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i kí n tó dáhùn. Ibi tí mo ti ń gbọ́ ọ ni àáké ti dé."

Ó mí kanlẹ̀.

"Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn máa ń tò láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ìyá wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí àkókò wọn bá pé, èmi ni màá gé e. Wọ́n á máa bẹ̀ mí, 'Ẹ jọ̀ọ́, ó ku gbólóhùn kan.' Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń gé ìlà mọ́. Gbólóhùn kan náà ni ò sí."

Ìjòyè àgbà tó mi orí lẹ́ẹ̀kan yọ́ dìde, ó gba ẹ̀yìn jáde. A gbọ́ ohùn rẹ̀ níta: "Ẹ̀gbọ́n mi! Rárá, kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan o! Ṣé tí kò bá sí nǹkan èèyàn ò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?"

Àbígbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. "Baálẹ̀, a ti gbà pé a jẹ̀bi. Ilẹ̀kùn irin la máa rà fún Màmá. A máa so kámẹ́rà mọ́ ọn lókè. Bí wọ́n bá ti ń mira, a ó máa rí wọn lórí fóònù wa níbikíbi tá a bá wà."

"Jókòó," ni Baálẹ̀ wí. "Kí n tó fi ọ́ rọ́pò kámẹ́rà."

Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ fi orí korí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u ká. Baálẹ̀ wúkọ́, ó fa agbádá rẹ̀ sí èjìká.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Màmá béèrè ilẹ̀kùn, wọn yóò gba ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn igi ni, Ó-Dọ̀la ló sì máa kàn án."

"Baálẹ̀!" Awọnlẹ̀ pariwo. "Ó-Dọ̀la kẹ̀? Ìyẹn lè di ọdún tó ń bọ̀!"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kán an lójú. Bó bá ní ó dọ̀la, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣeun. Títí ìgbà tó bá fi gbé ilẹ̀kùn dé, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ilẹ̀kùn. Ẹ ó máa gbà á fún ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàn, kó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà Màmá. Ibẹ̀ ni yóò jókòó, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, ibẹ̀ ni yóò sùn. Bí àlejò bá dé, kó ṣí. Bí àlejò bá lọ, kó tì."

"Báwo ni mo ṣe máa tì, Baálẹ̀?" ni Awọnlẹ̀ béèrè.

"Wàá mọ̀ ọ́n nígbà tí òjò bá ń fẹ́ wọlé. Èyí tó kù: àtàǹpàkò yín, tọ̀tún tòsì, ẹ ó fi báńdéèjì dì í, títí orúnkún Màmá yóò fi wálẹ̀. Oníkẹ́mísì, ìwọ lo ní báńdéèjì. Tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ dì."

"Kí la ó wá máa fi tẹ fóònù?" ni àbígbẹ̀yìn béèrè.

"Kí lẹ fi ẹnu ṣe? Ìwọ sì tún nìyí: gbogbo ẹni tó kọ 'Ó mà ṣe o' fún ọ, fẹsẹ̀ rìn lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dá a padà fún wọn. Sọ pé, 'Ẹ gbà, ìyá mi ò rí i lò.' Kó o sì mú fọ́tò míì dání, èyí tí Màmá la ojú."

"Mo fara mọ́ ìyẹn," ni Màmá wí.

"Onídìrí, ní àràárọ̀, ìwọ á máa fi ọwọ́ gbá ògiri. Bí Màmá bá gbá a padà, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bí wọn ò bá gbá a padà, sáré wọlé. Ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ á jẹ́ kó o kọjá. Má mú fóònù dání."

Ó-Dọ̀la na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. "Baálẹ̀, èmi ńkọ́? Kí ni ìjìyà tèmi?"

"Ìwọ? Máa ṣe bó o ṣe máa ń ṣe."

Bí ààfin ṣe tú ká nìyẹn. Awọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn, ó sì gbé àga ààfin kan lọ síbẹ̀, mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó to àga tán, Màmá Tẹlifóònù ti dé. Ó di ọ̀pá mú, wọ́n ti fi ìpara ra orúnkún rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ààfin. Ó ní òun ní ẹjọ́.

Baálẹ̀ jáde sí i pẹ̀lú orín lẹ́nu. "Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jàre lánàá! Kí ló tún dé?"

"Ilẹ̀kùn ni, Baálẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ fún mi ò dáa. Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ kì í hanrun. Èyí hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, n ò mọ̀ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ó jí ṣáájú mi, ó ní òun fẹ́ din ẹyin fún mi. Ó jẹ́ kó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ó bi mí pé, 'Ṣé orúnkún ń dùn yín?' Kí n tó dáhùn, ó tún bi mí. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń wọ̀n, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí kì í kàwé. Mi ò tíì ráyè wo fóònù mi látàná. Àwọn ọ̀rẹ́ mi orí fóònù á ti ní mo kú lẹ́ẹ̀kejì."

Baálẹ̀ yọ orín lẹ́nu. "Ẹ̀tọ́ yín ni, Màmá. Ẹni tó jàre kò gbọ́dọ̀ jìyà. Mo lè pe Ó-Dọ̀la báyìí, kí n halẹ̀ mọ́ ọn, kó gbé ilẹ̀kùn dé lọ́sàn-án òní. Ṣé kí n pè é?"

Màmá Tẹlifóònù wo ìta. Awọnlẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì funfun báláú nínú báńdéèjì. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Ó ń fi igbọ̀nwọ́ to tìmùtìmù sí ibi tí ìyá rẹ̀ máa gbé orúnkún lé. Tìmùtìmù ṣubú, ó mú un, ó tún un tò.

Màmá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Rárá o, Baálẹ̀. Mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ni."